Àyè Tí Ẹ Ṣèlérí fún Màmá

Bàbá mi,

Mo mọ̀ pé “Bàbá mi ọ̀wọ́n” ló yẹ kí n kọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa níléèwé tí ẹ̀yin fúnra yín rán mi lọ. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí yín, n kò sì fẹ́ purọ́ fún òkú. Àwọn àgbà ní kò dáa kéèyàn máa sọ òkú ní búburú. Wọn ò sí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ni.

A ń kó kúrò ní Mùṣín lọ́la. Ìjọba fún mi ní fúláàtì ní Fẹ́sítáàkì. Ẹ ò mọ ibẹ̀. Nígbà tí ẹ kú, igbó àti ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀, lọ́nà Bàdágírì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ará Àmùwò. Wọ́n kọ́lé rẹpẹtẹ síbẹ̀ fún àwọn àlejò tó wá ṣe àjọ̀dún, àlejò lọ tán, wọ́n wá ń pín in fún àwa òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Títì ibẹ̀ fẹ̀, ó tọ́, ẹ̀yin gan-an ì bá di ojú kan kí ẹ fi èkejì wò ó, kí ẹ má rí àléébù. Omi ẹ̀rọ ń yọ nínú ilé. Kò tíì sí ọjà nítòsí, àfi kéèyàn wọ bọ́ọ̀sì ní Máìlì Tú lọ ra ata, ẹ̀fọn ibẹ̀ kò sì mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni wá. Àwa tí a ti dé ibẹ̀ wò kò tíì mọ ara wa. Ṣe la máa ń kíra wa lórí àtẹ̀gùn bí ẹni tó ń wáṣẹ́.

Gbogbo ẹ̀ ló dùn mọ́ mi. Màmá ló ní òun ò lọ.

Mo rò pé ẹ̀yin lẹ kò jẹ́ kó lọ. Kí ni ǹ bá tún rò? Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má gbé yín lọ sí itẹ́ òkú. Ẹ ní bíríkìlà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé kò gbọdọ̀ lọ ṣe ayálégbé nínú ilẹ̀ ẹlòmíì. Àlùfáà bá yín sọ ọ́, ẹ kọ etí dídi. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ ní kí wọ́n sin yín sí, kò sì jẹ́ iwájú yàrá yín, iwájú ilẹ̀kùn Màmá ni. Láti ìgbà náà, Màmá kò lè jáde lọ tọ̀ kó má gba orí yín kọjá. Ẹ kú tán, ẹ tún dènà.

Ó ti mọ́ yín lára. Ṣé ẹ rántí kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ rẹ̀? Nígbàkigbà tí ẹ bá ti fura pé ó fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ṣàgámù, ẹ ó mú kọ́kọ́rọ́ yẹn sápò, ẹ ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Aṣọ ilé ló ń wọ̀ jókòó títí ẹ ó fi dé. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti Kùmásí pé kó wá kí àwọn jọ máa ta aṣọ, ẹ ò tilẹ̀ bá a jà. Ẹ rẹ́rìn-ín ni. Ẹ ní ta ni yóò máa se ọbẹ̀ yín? Ẹ̀yin kan náà lẹ máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà iléèwé nínú òjò, tí ẹ ó fi àpò sìmẹ́ǹtì bò mí lórí, tí ẹ ó gbé mi kọjá odò ìdọ̀tí kí bàtà mi má bàa tutù. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kó méjèèjì pọ̀. Ìyẹn náà wà lára ohun tó ń bí mi nínú.

Ẹ̀gbẹ́ yín lápá ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Nígbà tí àìsàn yẹn ti dè yín mọ́lẹ̀, ẹ pe Màmá, ẹ ní kó jókòó. Ẹ ní àyè kan yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tirẹ̀ ni, ibẹ̀ ni yóò sùn lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá pè é. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo ń di ife omi mú fún yín. Ẹ tún pàṣẹ fún ọmọṣẹ́ yín pé tó bá rẹ́ sìmẹ́ǹtì sórí oórì yín, kó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yẹn sílẹ̀, iyanrìn ni kó wà. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá, ẹ wo bí obìnrin yẹn ṣe tọ́jú iyanrìn. Ó tẹ́ ẹní lé e. Ayálégbé tó bá gbé odó tàbí sítóòfù sórí ẹ̀ ti wá ìjà. Tó bá fẹ́ ṣa ẹ̀wà, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí, tí mo bá sì bi í pé kí ló dé tí kò lo àpótí ìjókòó, á ní, “Orí ilẹ̀ mi ni mo jókòó sí, kí ló kàn ọ́?” Yóò rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Lójú mi, ẹ̀yin lẹ ṣì ń fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Mo mú un lọ wo fúláàtì náà lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìró ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀. Ó ṣí ẹ̀rọ omi ní kíṣìnì, ó tì í, ó tún ṣí i. Ó fa okùn ilé ìtọ̀, ó sá sẹ́yìn nígbà tí omi ya wálẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ti ní lọ́kàn pé mo ti borí yín. Lẹ́yìn náà ló dúró sí àárín pálọ̀, ó fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀, ó dẹ etí sílẹ̀.

“Ta ló wà nísàlẹ̀ ibí?”

“Ará Oǹdó kan ni, Màmá. Òun àtìyàwó ẹ̀.”

“Nísàlẹ̀ tiwọn ńkọ́?”

“Fúláàtì míì ni.”

Ó tún fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀. Ó ní, “Tí mo bá wá kú, níbo lẹ máa sin mí sí? Lórí ará Oǹdó?”

Mo rẹ́rìn-ín. Kò bá mi rín in. Ó ní, “Ilé tó dáa ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kò nílẹ̀. Èmi ti ní ilẹ̀ tèmi.”

Inú bọ́ọ̀sì ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi nígbà tí a ń padà bọ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin ni kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ilé yín ló gbé láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọge, ìkòkò yín ló fi se oúnjẹ, ẹ̀yin lẹ sọ ìgbà tó lè jáde àti ìgbà tí kò lè jáde. Iyanrìn yẹn nìkan lẹ fún un tí ẹ ò gbà padà. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. N kò rọ̀ ọ́ mọ́. Mo sọ fún onílọ́rì pé kó yọ bẹ́ẹ̀dì Màmá kúrò nínú ẹrù, mo sì gbà pé èmi ni n ó máa wá kí i ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi.

Ìyá Délé wá kú. Ìyáálé Màmá, aya àkọ́fẹ́ yín, tó kó jáde lọ sí Ṣómólú nígbà tí oyún mi hàn lára Màmá, tí kò sì tẹ ilé yìí mọ́ láyé rẹ̀. Màmá fọwọ́ sórí nígbà tó gbọ́. Ó ní a ó lọ bá Bọ̀dá Délé dárò, ó ń wá gèlè dúdú kiri nínú ẹrù tí mo ti dì.

Bọ̀dá Délé ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Èmi ni mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń fi bébà wé àwo. Ọkùnrin méjì tẹ̀lé e, ọ̀kan gbé díígà, èkejì gbé ṣọ́bìrì. Ó ṣí fìlà, ó kí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó ń ká ẹní Màmá.

“Bọ̀dá, kí lẹ̀ ń ṣe?”

“Sísí, jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Àṣẹ Bàbá ni. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi nígbà tí wọ́n ń ṣàìsàn. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tí àwọn ní kí wọ́n fi iyanrìn sí, ti màmá mi ni. Wọ́n ní kí n rí i dájú pé mo gbé e padà wálé.”

Bọ̀dá Délé kì í purọ́. Ì bá rọ̀ mí lọ́rùn ká ní òpùrọ́ ni. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò tíì fá irùngbọ̀n, ìyá rẹ̀ wà nínú àpótí ní Ṣómólú, ó ń dúró. Mo lọ dúró sórí iyanrìn náà. Mo sọ ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í sọ sí ẹ̀gbọ́n. Mo sọ tiyín náà mọ́ ọn. Àwọn tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀ fara ti ṣọ́bìrì wọn, wọ́n ń wo òrùlé.

Màmá jáde sí wa. Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀, ó sọ ọ́ fún un bó ṣe sọ fún mi. Màmá gbọ́ ọ tán. Ó wo oórì yín, ó wò mí.

“Kúrò níbẹ̀, jẹ́ kí wọ́n ríṣẹ́ wọn ṣe.”

“Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé Bàbá sọ fún yín...”

“Mo ní kúrò níbẹ̀.” Ó kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́ náà. “Ẹ jẹ́ kó jìn dáadáa. Òkú àgbà ni.”

Ó gbé ẹní rẹ̀, ó lọ gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù níta. Ó wá lọ gbé iṣu kaná fún wọn. Bọ̀dá Délé kò lè jẹ ẹ́. Ó gbé àwo lérí itan, ó ń sunkún, Màmá sì ń rọ̀ ọ́ pé kó jẹun. Wọ́n sin Ìyá Délé lọ́jọ́ kejì. Orin Màmá ló rinlẹ̀ jù.

Bàbá, kí lẹ rò? Ṣé ẹ gbàgbé pé ẹ ti sọ fún ẹnì kan? Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n sá eré ni, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ kú jẹ ẹ́? Mi ò bá Ìyá Délé jà. Ẹ ṣẹ̀ ẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó lọ. Ṣùgbọ́n ohun tiyín lèèyàn fi ń bẹ̀bẹ̀, kì í ṣe ohun tó ti fún ẹlòmíì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró lókèèrè tí ẹ ó sì sọ iye búlọ́ọ̀kù tí ògiri kan máa gbà, ẹ kò rí i pé ibẹ̀ yẹn kò gba èèyàn méjì? Àbí ẹ rí i, ẹ kàn mọ̀ pé ẹ ò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pàdé? Ẹ dá mi lóhùn. Ìgbà tí ẹ wà láyé gan-an, tí ọ̀rọ̀ bá ti le, ṣe lẹ máa ń fi ìka kan ògiri bí ẹni ń wò ó bóyá ó ti gbẹ.

Lẹ́yìn ìsìnkú náà ni Màmá bi mí bóyá lọ́rì ṣì lè gba bẹ́ẹ̀dì òun. Ó ti di ẹrù rẹ̀ tán báyìí. Ó yọ àwọn ìṣó tó ń fi aṣọ kọ́ lára ògiri, ó wé wọn pọ̀. Kò gbá orí oórì yín láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò bú yín. Èmi ni mò ń bú yín, òun a máa wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Àwọn ayálégbé ló kù tí yóò máa gbálẹ̀ fún yín. Mo ti borí yín tán, inú mi ò dùn.

Nírọ̀lẹ́ yìí ó pè mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù. Ó ní tí a bá débẹ̀, kí n wá ṣọ́ọ̀ṣì kan, kí n fara balẹ̀ béèrè ibi tí wọ́n ń sin àwọn èèyàn wọn sí.

Ó ní, “Àárín àjèjì ni kó jẹ́. Bá mi wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ ọkọ mi.”

Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ sùn dáadáa, Bàbá mi. Mo fẹ́ràn yín. Ì bá rọrùn fún mi ká ní n kò fẹ́ràn yín.

Èmi ni,
Ọmọ yín obìnrin.