Ẹ Ní Kí Àlàbí Tú Wáyà Ojú Ọ̀nà Odò

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Lifapúù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Mo kí Ìyá mi àti gbogbo ará ilé wa ní Mowé. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ẹ̀gbọ́n mi Àlàbí ló máa ń ka lẹ́tà mi sí yín létí, ó sì máa ń fo èyí tí kò bá wù ú. Ẹlòmíràn á lè ka ti inú ìwé ìròyìn yìí fún yín.

Ilé ìfọṣọ bàbá ará Ṣáínà kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èéfín èédú máa ń lẹ̀ mọ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì bí ọ̀rá, èmi ni mo ń fọwọ́ bó o. Òtútù mú, owó ò tó nǹkan, n ò sì rẹ́ni bá sọ Yorùbá. Síbẹ̀, kò sí èyí tó rí mi lára tó lẹ́tà tí Àlàbí kọ sí mi.

Ó ní òun ti fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí ọ̀nà odò tó gba oko wa kọjá, kí wọ́n lè mọ ẹni tó nilẹ̀. Ó ní Ìyá Rábí, opó ẹ̀yìnkùlé wa, wá gba inú irà lọ pọnmi, ó ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Ẹ̀rín ló fi kọ ọ́. Mo kà á tán, mo pa iṣẹ́ tì.

Ọ̀gá mi bi mí ohun tó ṣe mí, mo sì rò fún un. Ó ní àwọn baba ńlá àwọn ní ọ̀rọ̀ kan, Táò, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ọ̀nà. Mo ní ṣé ọ̀nà ẹ̀sìn ni. Ó ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ: ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti jáde wá, òun náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé, ẹnu ò sì lè sọ ọ́ tán. Kì í fipá ṣe nǹkan, kì í sọ pé tòun ni nǹkan kan, síbẹ̀ gbogbo nǹkan ń di ṣíṣe. Ó ní omi ló jọ ọ́ jù, torí ibi tó rẹlẹ̀ ló ń wá lọ, gbogbo ayé ló sì ń mu ún.

N ò ní purọ́ pé ó yé mi tán, ṣùgbọ́n ọ̀nà odò wa ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń pọnmi ló là á. Bàbá Àgbà gbin ìrẹsì sọ́tùn-ún, ó gbin sósì, kò fọwọ́ kàn án. A kì í dí ọ̀nà odò nílẹ̀ wa. Àlàbí tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀làjú ló wá ń fi ẹ̀gún lé opó nídìí omi. Ìwà ọ̀bùn gbáà ni, ojú ń tì mí pé ọmọ ìyá mi ni.

Bàbá mi, ẹ ní kó tú u. Bí mo bá dé tí wáyà náà ṣì wà, inú irà tí Ìyá Rábí gbà ni èmi náà máa gbà, ilé rẹ̀ ni n óò sì dé sí.

Ọlọ́run Ọba á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa nínú àlàáfíà. Ẹ bá mi kí àwọn ará wa ní Ìbafò àti Ifọ̀. Ẹ bá mi kí Ìyá Rábí kú ìnira.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràṣídì