Ẹni Tí Mo Lé Jáde Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun, ṣé ọ̀gá rẹ ò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dẹnu kọlẹ̀. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ẹ̀yìn mi ló dúró sí, ó ń wo ohun tí mò ń kọ bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó o rà fún ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ni. Nígbà tí mo pè ọ́ láàárọ̀, o ní àfikún kan, ètò kékeré tó bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa àtijọ́ wọlé, ló jókòó sínú ọpọlọ rẹ̀, tí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ tuntun ṣiṣẹ́. O ní kí n má pa kọ̀ǹpútà o, torí bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án ti jìn sínú, bí mo bá pa á pẹ́nrẹ́n, ó di ọdún tó ń bọ̀. O ní kí n kàn kọ àṣẹ, kí n fi lé àfikún náà jáde bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ.

Mo kọ́kọ́ kí i. Ṣé èèyàn á kàn lé ẹni tó ti ń báni gbé láìkí i ni? Mo tẹ “Ẹ kú iṣẹ́ o” sí ojú dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí, ó ní òun ò mọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Mo gbójú fò ó. Mo wá kọ èyí tó o pè fún mi, ó ní kí n sọ pásíwọ́ọ̀dù. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan ò hàn. Ìyá rẹ ní ó dijú ni, kó má baà rí àṣírí wa. Ìwà yẹn wú mi lórí.

Àfi bó ṣe kọ̀, tó ní ẹnì kan ṣì ń lo ẹni tí mo fẹ́ lé. O ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí àfikún mìíràn bá gbára lé e, kí n kọ́kọ́ lé ìyẹn. Mo lé ìyẹn, mo padà sórí olórí wọn. Kọ̀ǹpútà dákẹ́. Kò ní ó ti lọ, kò ní kò lọ. Mo fetí lé e lára títí, mo tún àṣẹ náà tẹ̀, ló bá ní òun ò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Inú bí mi, mo ní ó ń purọ́ bò ó. Ìyá rẹ ló là mí lójú. Ó ní, “Baálé mi, bí wọ́n bá ní àwọn ò rí i nílé mọ́, ṣé kì í ṣe pé ó ti lọ ni?”

Òótọ́ ni o. Ẹ̀rọ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìwé jáde bí ẹni pé wọ́n dáná sí i nídìí. Ìbéèrè ìdánwò tí ọ̀gá ilé-ìwé gbé wá ń jáde, kíláàsì dé kíláàsì.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n mo yẹ orúkọ àwọn tó kù nínú ọpọlọ yẹn wò, wọ́n kún bí èrò ibùdókọ̀, n ò sì mọ ẹyọ kan nínú wọn. Ṣé òtẹ́ẹ̀lì ni mo ṣí ni? Mo mú ọ̀kan, mo lé e. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló lọ. Mo fẹ́ lé èkejì, mo tẹ̀, mo tẹ̀, ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, nǹkan kan ò hàn. Mo rò pé ó tún dijú ni. Ìyá rẹ ló ka orúkọ ẹni tí mo lé: kíbọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀ gàdàgbà. Òun ló ń gbé ohun tí mo bá tẹ̀ wọlé. Máòsì náà sì bá a lọ.

Ó wá ku ìbéèrè kíláàsì àgbà nìkan. Ọ̀gá ilé-ìwé jókòó ti ẹnu ọ̀nà mi báyìí, wọ́n ní bó bá di ọ̀la, ọ̀dọ̀ Kíá-Kíá tó ń tẹ̀wé ní òdìkejì títì làwọn ń gbé gbogbo iṣẹ́ ilé-ìwé lọ, tọdún tọdún. Mo ní kọ̀ǹpútà ń sinmi. N ò lè pè ọ́ lójú wọn, etí wọn ń gbọ́ ìrìn èèrà, ni mo ṣe fi ìwé yìí rán awakọ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ yín lónìí.

O ti sọ rí pé o lè ti ọ̀dọ̀ yín wọ inú kọ̀ǹpútà yìí. Jọ̀ọ́, wọlé, kí o bá mi bẹ ẹni kíbọ́ọ̀dù yẹn kó padà. Bó o bá ń pè mí, ìwọ nìkan ni kó o máa sọ̀rọ̀, èmi á máa ní “Ẹ ṣé, sà,” bí ẹni pé oníbàárà ńlá ni. Kí o sì fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i, tòun ti máòsì, torí a kì í lé èèyàn tán ká tún ní kó fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Owó àlọ nìkan ni o, n ò lé e mọ́. Má ṣe jẹ́ kí àfikún ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn gbọ́, kó má baà bá wọn wọkọ̀.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n lé ọ níbi tí wọ́n ti nílò rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ti padà sídìí bírò.