Agbàrora, Àáké Tí Rilwan Kọ̀ Láti Gbé

Sùúrùlérè, Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùm. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ṣé ara le? Ṣé ẹ ń jẹun? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá yín ní àlàáfíà, kó sì bá yín lórí ìjókòó, torí ó gùn díẹ̀.

Ẹ ó rí i pé Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí wọ́n mú mi lọ sí ìlú òyìnbó, ẹ̀yin náà sì mọ bí mo ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí mo dé. Níbi tí mo bá ti ṣì í kọ, ẹ bá mi fojú fò ó. Mo ti wá sílé yín ní Múṣín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ní ẹ ń sùn. Mo pe fóònù yín títí. Lẹ́tà ló kù, Rilwan sì máa ń sọ pé kò sí ìwé Yorùbá tó wọlé tí ẹ kì í kà tán.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, Bàbá Yẹ̀kínnì, ẹ̀gbọ́n yín, pè mí sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Èbúté Mẹ́ta. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ń wúwo lọ́kàn àwọn. Wọ́n ní lẹ́yìn ìsìnkú Rilwan, ẹ rí ìwé kan nínú báàgì tó gbé lọ sí ọsibítù, ẹ gbé e fún àwọn kí àwọn sun ún, àwọn sì ti sun ún. Àwòrán àáké wà nínú rẹ̀, ìbúra wà lábẹ́ àwòrán náà, orúkọ èèyàn mẹ́jọ sì tò tẹ̀ léra. Wọ́n ti fi bírò pa méje rẹ́. Orúkọ yín ni ìkẹjọ, òun nìkan ni wọn ò pa.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí ẹ ti ń gbé kiri fún oṣù márùn-ún. Ẹ rò pé ọmọ yín wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ẹ rò pé wọ́n ní kó fi yín sílẹ̀ fún ìrúbọ, ó kọ̀, wọ́n sì mú òun dípò yín. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi jẹ́ kí wọ́n ṣe àdúà ogójì ọjọ́, tí ẹ sì ń lé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Yẹ̀kínnì ní Rilwan fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún yín lórí bẹ́ẹ̀dì: "Màámi, wọ́n ní kí n fi yín sílẹ̀, mo kọ̀ o."

Àǹtí mi, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n eré ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ká lẹ́tà yìí.

Ẹ rántí ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí ẹ pè mí sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn àdúà, tí ẹ ní, "Fàrídà, kí ni Rilwan máa ń lọ ṣe ní Sábó?" Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo máa ń mú un lọ.

Ẹ̀yin mọ lúdò, kò sí ẹni tó lè nà yín nínú ilé yẹn. Ẹ mú dáìsì lúdò, ẹ gbé pátákó rẹ̀ sọnù, ẹ fi ìtàn sí ipò rẹ̀. Bí eré náà ṣe rí nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, a máa ń jókòó yí tábìlì ká nínú yàrá Ọládèjì ní Sábó, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Ọládèjì, tó bá Rilwan ka ìwé ní Yábà, ló máa ń sọ ìtàn. Àwa yòókù, Rilwan, èmi àti Beulah, aládùúgbò Ọládèjì, kálukú máa ń di ẹnì kan nínú ìtàn náà. Tí o bá fẹ́ bá ẹranko jà tàbí kí o sọdá odò, wàá ju dáìsì, iye tó bá jáde ló máa sọ bóyá o yè é. Beulah di oníṣègùn. Èmi di olè, wọ́n ní ó bá mi mu. Rilwan di agégi kan tó ń jẹ́ Akínlabí, tí eegun ti ń ro láti kékeré. Ẹ mọ ìdí tó fi yan irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Inú ìtàn yẹn ni Agbàrora wà. Àáké àtayébáyé ni, ó sì ní agbára. Odindi ọdún kan la fi wá a. Ẹni tó bá gbé e sókè, gbogbo ìrora ara rẹ̀ á dákẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá gbé e, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹnì kan tó fẹ́ràn, yóò sì gbàgbé onítọ̀hún pátápátá, bíi pé kò rí i rí. Ìbúra tí ẹ kà nìyẹn. Àwọn orúkọ tó pa rẹ́, àwọn tí Akínlabí ti gbàgbé ni. Kò sẹ́ni tí wọ́n fi ṣe nǹkan kan.

Rilwan ò wá orúkọ ọ̀tọ̀. Orúkọ àwa tó mọ̀ ló kọ síbẹ̀. Awwal ilé kejì yín, tí ọ̀kadà gbá pa lọ́dún tó kọjá, ló kọ́kọ́ pa rẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ máa rántí bí wọ́n ṣe gbé e wọlé. Ó ní láti jẹ́ pé orúkọ yẹn ló dẹ́rù bà yín jù. Èmi ni ìkẹta. Ó mú bírò, ó wò mí, ó ní, "Má bínú o, Fàrídà. Yorùbá ò tíì yọ̀ mọ́ ẹ lẹ́nu, ìwọ ló yẹ ká tètè gbàgbé." Beulah rẹ́rìn-ín títí omi ẹnu rẹ̀ fi tú sórí tábìlì.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn, ìtàn gbé wa dé etí odò kan. Omi náà tutù, eegun Akínlabí sì ń ro ó. Ọládèjì ní, "Àáké wà lọ́wọ́ ẹ. Orúkọ ta lo máa dá?" Tiyín nìkan ló kù. Rilwan wo ìwé rẹ̀ títí, ó ní, "Ìyẹn ò ṣeé ṣe." Ọládèjì ní, "Ọ̀gbẹ́ni, eré ni. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá dá Màámi padà fún ẹ." Ó ní, "Àní kò ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ kó máa ro mí." Ó ní Akínlabí ti ju Agbàrora sódò, ó sì ti bọ́ sómi. Ó ju dáìsì, iye tó jáde ò tó nǹkan. Ọládèjì ní Akínlabí rá gòkè lódìkejì, ó sì kú síbẹ̀. Inú bí wa. Beulah ní ó ti fi ọdún kan wa ṣòfò. Rilwan kàn ń rẹ́rìn-ín ni, ó ní, "Ṣebí mo sọdá."

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e ni àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde yẹn tún gbé e. Ọ̀rọ̀ etí odò yẹn ló ń sọ fún yín lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹgbẹ́ kankan tó bèèrè yín. Kò sẹ́ni tó mú un dípò yín. Àìsàn tí wọ́n bí mọ́ ọn ló pa á. Gbogbo ara ló ń ro ó, ó sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá ní kí òun yàn, òun á fara da ìrora náà kí òun má bàa gbàgbé yín.

Tí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa bínú sí, èmi nìyí. Ẹ ti ní kó má jáde mọ́ láti ìgbà ọyẹ́ tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Èmi ni mò ń sọ fún yín pé a fẹ́ lọ tún kọ̀ǹpútà mi ṣe. Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sinmi lórí àtẹ̀gùn, mo sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rò pé èmi ni mo pa á, ìdí nìyẹn tí mo fi ní mi ò mọ̀. Mo ń bẹ̀rù fún ara mi, mo sì fi yín sílẹ̀ sínú ìrònú burúkú fún oṣù márùn-ún.

Mi ò ní ẹ̀rí kankan, ìwé ti jóná. Ọládèjì àti Beulah ṣe tán láti wá síwájú yín, kí ẹ bi wọ́n léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ gbà ká ṣe àdúà rẹ̀. Ọmọ yín ò ṣe ohun tí ẹ rò.

Kí Ọlọ́run fi Alijánńà ta Rilwan lọ́rẹ, kó fẹ ibojì rẹ̀ fún un. Kó fi ìtùnú wọ̀ yín lọ́kàn, kó jẹ́ kí oorun yín tún padà dùn. Kó pa yín mọ́ fún wa. Àmín.

Èmi ni ọmọ àbúrò yín, tó ń tọrọ àforíjì,
Fàrídà.

Àfikún: Ẹsẹ̀ Rilwan wú lọ́jọ́ Àìkú yẹn, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́, sálúbàtà Ọládèjì ló wọ̀ relé. Bàtà náà ṣì wà lábẹ́ tábìlì. Nígbà tí ẹ ń fi aṣọ rẹ̀ ṣe sàráà, mi ò lè mú un wá, torí ẹ máa bi mí níbi tí mo ti rí i. Tí Ọládèjì bá ń gbálẹ̀, ó máa ń gbá a yí i ká ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí a máa ṣe sí i fún wa.