Àyè Ìka Méjì Lápá Ọ̀tún

Màámi ọ̀wọ́n,

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dé Àkúrẹ́ ni mo fa dúrọ́ọ̀ kan jáde nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, apá yín ni mo sì rántí. Láti ìgbà náà ni mo ti fẹ́ kọ ọ́ sí yín, àmọ́ mo ní kí n kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí. Ó ti já síbì kan báyìí, lánàá Sátidé, nílé wa ní Oǹdó.

Ẹ mọ̀ mí. Bí èèyàn mẹ́ta bá wà níbì kan, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo máa dúró sí. Àwọn tó wà nínú kíláàsì ìnjiníà wa níbí pọ̀ ju gbogbo ẹni tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ yín ní àdúgbò Yaba nílùú wa lọ. Mo mọ bàtà ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo mọ ẹni tó máa ń jẹ ìdí bírò, mo mọ ọmọbìnrin tó máa ń fi ìka tọ ìlà bó bá ń kàwé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mi. Onílé mi máa ń kí mi láàárọ̀. Ulé ló ń pe ilé, uṣẹ́ ló ń pe iṣẹ́. Nígbà míì ó máa ń wù mí kí n fi ohùn Oǹdó dá a lóhùn, kí n gbọ́ ọ létí ara mi, àmọ́ ojú máa ń tì mí. Ẹ káàárọ̀ mà, ó tán.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ká mi mọ́ títì nítòsí Ọjà Ọba, mo sì sá sábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan. Kọ́bọ́ọ̀dù tuntun wà níbẹ̀. Mo fi ìka kan fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Màámi, kò ké. Ṣé ẹ rántí dúrọ́ọ̀ tábìlì tí ẹ ń kó ọ̀bẹ àti bọ́tà sí, tí ẹ máa ń fi ọṣẹ gbígbẹ pa abẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ tí ẹ ó fi orúnkún gbá kó tó wọlé? Eléyìí ń bọ̀ bí ẹni pé omi ló gbé e. Ó jáde dé ìdajì, mo sáré fọwọ́ sábẹ́ rẹ̀ kó má baà já lù mí lẹ́sẹ̀. Kò já. Ó tún ń jáde sí i, títí gbogbo rẹ̀ fi wà níta, tí mò ń rí igun ẹ̀yìn pátápátá, tí kò sì sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ.

Mo tì í padà. Mo tún fà á. N kò mọ iye ìgbà tí mo ṣe é.

"Ùwọ ọmọ yìí," ọ̀gá káfíńtà ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn pákó, "ṣé o fẹ́ rà á ni, àbí o fẹ́ fẹ́ ẹ?"

Díẹ̀ ló kù kí n padà sínú òjò. Ó rí ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì mú irin kan tí wọn kò tíì kàn mọ́ nǹkan kan, irú èyí tó gbé dúrọ́ọ̀ náà, lé mi lọ́wọ́. "Rọ́nà là ń pè é. Tú u wò. Àmọ́ tó o bá sọ bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ nù, imú lo máa fi wá a nínú èérún pákó yìí."

Mo jókòó lórí àpótí, mo tú u. Irin mẹ́ta ni, ọ̀kan nínú èkejì, èkejì nínú ẹ̀kẹta. Wọ́n fẹ́lẹ́, àmọ́ ẹni tó ṣe wọ́n ti ká etí wọn wọnú, ibi tó ká yẹn ló sì di ojú ọ̀nà fún àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké tí kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ. Abala pẹlẹbẹ kan tó ní ihò ló di bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan mú sí àyè tirẹ̀ kí wọ́n má baà máa kọlu ara wọn. Nítorí náà irin kì í fi ara gbo irin. Àwọn bọ́ọ̀lù yẹn ló ń yí láàárín wọn, bí àwọn agégẹdú ṣe máa ń tẹ́ igi roboto sábẹ́ ìtì ńlá kó lè yí lọ. Èyí tó wà láàárín ni mo fẹ́ràn jù. Bí dúrọ́ọ̀ bá ti jáde tán, ìdajì irin àárín á tẹ̀ lé e síta, ìdajì á kù sílé. Èyí tó kù sílé yẹn, tí ojú kò rí, òun ló gbé gbogbo ẹrù tó wà níta dání.

Ta ló kọ́kọ́ ro èyí? Ṣé ilé tí dúrọ́ọ̀ ti ń ké ni wọ́n bí i sí? Ṣé òun náà ní ìyá tó ń fi orúnkún gbá dúrọ́ọ̀? Mò ń bi yín bí ẹni pé ẹ lè mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ apá yín ni mo rántí. Ààrò wa jìn. Iná igi nísàlẹ̀, búrẹ́dì lókè, ọ̀wọ́ páànù mẹ́rin láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn. Ẹ ní ìkọ́ gígùn, àmọ́ ìkọ́ kì í mú ọ̀wọ́ ẹ̀yìn dáadáa, ẹ ó sì na apá wọ inú ààrò. Etí irin á jó yín lápá, ẹ ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọn àpá náà tò láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá bí àkàbà.

Màámi, mo fẹ́ sọ ohun tí n kò lè sọ nígbà tí ẹ wà. Lọ́jọ́ àbẹ̀wò nílé ẹ̀kọ́ girama, èmi ni mo ní kí ẹ wọ aṣọ alápá gígùn wá. Ẹ wọ̀ ọ́. Oòrùn mú, òógùn bo imú yín, ẹ kò ká a sókè. Ẹ gbé búrẹ́dì tí ẹ fi bébà wé fún mi, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ kò bi mí léèrè ìdí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ojú ló ń tì mí? Mo rò pé ẹ mọ̀.

Àǹtí Bọ́lá ló ń yan búrẹ́dì báyìí. Ó fi ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ sílẹ̀ kí ààrò yín má baà tutù, kí èmi, àbúrò rẹ̀, sì lè wá síbí. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ sí Àkúrẹ́, bó ṣe ń bá mi gbé báàgì sórí ọ̀kadà, mo rí i lókè ọrùn ọwọ́ rẹ̀: àpá kan ṣoṣo, pupa, tuntun. Ó ní kò dùn òun. Ohun tí ẹ̀yin náà máa ń sọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mò ń fẹ́ láyé: kí èkejì má dé.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ? Bí àwọn páànù búrẹ́dì bá wà lórí tíréè irin kan tó jókòó lórí rọ́nà, ọ̀wọ́ ẹ̀yìn á jáde wá bá ẹni tó dúró síta. Kò sẹ́ni tó máa na apá wọ inú iná mọ́.

Mo wá ra rọ́nà méjì tó gùn, tó sì nípọn. Mo fi àpò ìrẹsì wé wọn, mo gbé wọn lé itan nínú ọkọ̀, a kọjá Ìpogun, a kọjá Ọ̀wẹ̀nà, n kò tilẹ̀ wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń gbé sún mọ́ fèrèsé. Ààrò tutù nígbà tí mo kàn án. Ó ń rìn bí àlá. Mo yangàn, Màámi, mo yangàn gan-an. Lẹ́yìn náà ni a dá iná.

Gíríìsì inú rẹ̀ kọ́kọ́ rú èéfín. Abala tó di àwọn bọ́ọ̀lù mú, rọ́bà ni, ó yọ́. Nígbà tí Àǹtí Bọ́lá fà á, ó dúró ní ìdajì, kò lọ, kò bọ̀. Ó na apá wọlé láti gba búrẹ́dì sílẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe fa èémí.

"Ìnjiníà Àkúrẹ́!" Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí apá rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Búrẹ́dì yìí ń rùn bíi táyà tí wọ́n sun. Ta ló máa fi eléyìí jẹ ẹ̀wà?"

Èkejì dé. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e wá.

Nígbà tí mo padà débí, ọ̀gá káfíńtà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí. "Rọ́nà inú ulé lo gbé sínú iná. O wọ bàtà rọ́bà jó lórí ẹyín iná, o wá ń bi bàtà pé kí ló dé." Síbẹ̀ ó fún mi ní igun kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó yá mi ní fáìlì àti òòlù. Mo máa ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn lẹ́kíṣọ̀. Mo gé abala tuntun láti ara irin pẹlẹbẹ dípò rọ́bà. Mo fi kẹrosíìnì fọ gbogbo gíríìsì kúrò. Mo wá lọ ọkàn pẹ́ńsù, mo fi ìyẹ̀fun dúdú náà pa ojú ọ̀nà àwọn bọ́ọ̀lù. Ó ń yọ̀, kì í rùn, iná ààrò kò sì lè jó o. Mo kan rọ́nà méjèèjì mọ́ férémù irin bíi ti ààrò wa, mo fi tíréè irin òfìfo kan sáàárín wọn, mo gbé gbogbo rẹ̀ lé orí kóòlù, iná eléèédú tó wà níbẹ̀.

Kò rú èéfín mọ́. Àmọ́ bó bá ti gbóná, á há. Bó bá tutù, á tún máa rìn bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

"Ó ń ṣe bí ọkọ tó ń bínú," ni ọ̀gá wí. "Àfi kó tutù tán kó tó dá ni lóhùn."

Mo yẹ bọ́ọ̀lù wò, mo yẹ irin wò, fún ọjọ́ púpọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo kàn jókòó tí mò ń wo tíréè òfìfo náà, mo sì rí ọwọ́ yín lórí rẹ̀.

Láti apá òsì lẹ máa ń to páànù. Ẹ ó tì wọ́n mọ́ ara wọn, ẹ ó wá fi àyè ìka méjì sílẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ máa ń fi ìka yín wọ̀n ọ́ gan-an, lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ tí ara yín kò yá. Èmi rò pé ẹ ń fi àyè ṣòfò ni. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo dúró títí ẹ fi yíjú, mo wá há páànù kékeré kan mọ́ ibẹ̀, kí ẹ lè rí búrẹ́dì kan sí i kí ẹ sì yìn mí. Àwọn páànù gbóná, wọ́n wú, wọ́n fún ara wọn pa. Òòlù la fi yọ wọ́n. Ẹ kò nà mí. Ẹ kàn ní, "Ohun tó máa gbóná, fún un láyè tó máa wú sí."

Mo dìde nínú èérún pákó bí ẹni tí wọ́n pè. Tíréè irin náà ń wú! Èmi ti kan rọ́nà òsì àti ọ̀tún mọ́lẹ̀ gírígírí, tíréè kò ríbi lọ, ó sì fún àwọn bọ́ọ̀lù mọ́ ẹ̀gbẹ́. Mo fi ti òsì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ti ọ̀tún, mo fi fáìlì sọ ihò sikúrù rẹ̀ di gígùn, kí irin náà lè sún díẹ̀ bí ooru bá tì í, kó sì sún padà bó bá tutù. Mo gbé e lé kóòlù. Mo dúró kó gbóná dáadáa. Mo fà á.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, olùkọ́ wa kọ ọ́ sí ojú pátákó pé bí irin bá máa gbóná, ẹ de ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kejì máa rìn. Gbogbo kíláàsì ń dà á kọ. Èmi kò kọ ọ́, ẹ̀rín ni mò ń rín. Ọmọbìnrin tó máa ń fi ìka kàwé yíjú sí mi. "Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?" Mo ní, "Ìyá mi ni." Ó béèrè orúkọ mi.

Lánàá, mo gbé e délé, mo kàn án mọ́ ààrò, a dá iná. Àǹtí Bọ́lá fi aṣọ wé apá rẹ̀ dé èjìká bí ẹni tó fẹ́ lọ jà. "Ṣé ti òní náà máa rùn?" Ó mú ìkọ́, ó kọ́ etí tíréè, ó fà.

Ó bọ̀, Màámi. Ọ̀wọ́ kìíní, ọ̀wọ́ kejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, gbogbo wọn jáde wá sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, wọ́n pọ́n, wọ́n ń rú èéfín dídùn, wọ́n dúró sójú afẹ́fẹ́ níwájú rẹ̀. Apá rẹ̀ wà níta. Láti èjìká dé ìka, níta. Ó yọ páànù ẹ̀yìn pátápátá láìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó kó búrẹ́dì kúrò, ó ti tíréè òfìfo náà wọlé. Ó fà á. Ó tì í. Ó tún fà á.

Mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò fúláwà, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, èmi náà sì jókòó tì í. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to páànù fún èyí tó kàn. Láti apá òsì ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé apá ọ̀tún, ó fi ìka méjì wọn àyè, ó fi í sílẹ̀. N kò sọ ọ́ fún un rí. Ẹ̀yin lẹ sọ fún àwa méjèèjì.

Ká ní ọjọ́ àbẹ̀wò kan ṣì kù, ì bá jẹ́ aṣọ alápá kékeré lẹ máa wọ̀ wá. Ǹ bá mú yín gba àárín gbogbo kíláàsì kọjá, n kò ní dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Èmi ni, Màámi,
ọmọ yín tó ń fi apá yín yangàn.