Ibi tí Ẹ̀dà Ti Ń Bẹ̀rẹ̀: Ìkẹ́dùn Lórí Dókítà Munirah Ṣàíbù

Sí Alhaji Aminullah Ṣàíbù àti gbogbo ẹbí, Mushin.

Ọkàn wa wúwo bí àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Olùwádìí Kòkòrò Àìfojúrí, Yaba, ṣe ń kọ̀wé yìí sí yín lórí ìpapòdà ìyàwó yín, Dókítà Munirah Ṣàíbù. Síbẹ̀, ara tù wá, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ohun kan ni Dókítà fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí: bí bakitéríà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀, ìyẹn okùn méjì tó gbé àbùdá rẹ̀, kó tó pín sí méjì. DNA náà rí roboto bí ẹ̀gbà ọwọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tó bá ṣáà ti wù ú ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojúkò kan wà tí èròjà tó ń jẹ́ DnaA máa ń péjọ sí, tí yóò tú okùn méjèèjì tó lọ́ mọ́ra, kí iṣẹ́ tó lè bẹ̀rẹ̀. Dókítà rí oògùn kan, ó ní kì í jẹ́ kí okùn náà tú rárá. Àwọn kan jiyàn; wọ́n ní àárín iṣẹ́ ni oògùn náà ti ń dá a dúró. Nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà, tí ẹ ti ìsọ̀ yín ní ọjà Ládìpọ̀ pa kí ẹ lè jókòó tì í, ẹ̀yin náà rí i pé iyàn yìí ń gba oorun lójú rẹ̀ ju ìrora lọ.

Fadilah, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tún ìdánwò náà ṣe. Ó fi oògùn sí bakitéríà tí àwọn kan nínú wọn ti wà lẹ́nu ẹ̀dà ṣíṣe. Bó ṣe rí àbájáde, ọ̀dọ̀ Dókítà ló gbà lọ tààrà. Dókítà ò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó.

"Àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n parí ẹ̀, mà. Gbogbo wọn."

"Tuntun ńkọ́?"

"Ìkankan ò bẹ̀rẹ̀, mà."

Iyàn parí nìyẹn. Ká ní àárín ni oògùn náà ti ń dá iṣẹ́ dúró, àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ kò ní parí. Dókítà mí kanlẹ̀. Ó kọjú sí yín, ó ní, "Dádì Husnah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan tí mo máa jẹ." Ẹ sọ fún wa pé kò tíì fẹnu ara rẹ̀ béèrè oúnjẹ láti ìgbà tó ti wọ ilé ìwòsàn, àti pé ara rẹ̀ balẹ̀ títí tó fi jáde láyé.

Ẹgbẹ́ yóò tẹ àbájáde yìí jáde lórúkọ òun àti Fadilah. Ní ti Husnah ọmọ yín, ọwọ́ wa kò ní kúrò lára rẹ̀ títí tí yóò fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi àánú gba Dókítà Munirah, kí Ó fẹ sàréè rẹ̀ lójú. Kí Ó tu ẹ̀yin àti Husnah nínú, kí ilé yín tòrò. Àmín.

Ambrose Olúdayọ̀
Akọ̀wé, lórúkọ Ẹgbẹ́