Ọmọ Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Ń Gbọ̀n

                                        Yàrá Kẹta,
                                        Ilé Àwọn Olùkọ́,
                                        Ẹ̀yìn Pápá Ìṣeré.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Keje.

Eyínfúnjowó, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ara ńkọ́? Ilé ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń da màmá láàmú ti lọ? Ṣé ọkọ rẹ ṣì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta? Èmi wà, a dúpẹ́. Látìgbà tí wọ́n ti gbé ọ lọ sí ilé-ìwé mìíràn, orí àga rẹ ni wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí. Èmi pẹ̀lú ìwé àtijọ́ la jọ ń jẹun ọ̀sán báyìí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ò fi bá mi jẹun mọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kẹrin mi tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Kó tó kọ ìlà kan, ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti kọ ojú ewé kan. Ó ti tún kíláàsì náà kà lẹ́ẹ̀kan. Nínú ìdánwò ìṣirò tọdún yìí, ìbéèrè mẹ́ta péré ló rí kọ nínú ogún kí aago tó lù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbà. Mo wo ìwé yẹn títí, mo bi ara mi pé, ṣé ìṣirò ni mo dán wò ni àbí ọwọ́?

Lọ́jọ́ kejì, mo ka èyí tó kù sí i létí, mo ń kọ ohun tó bá sọ. Méjìdínlógún ló gbà lápapọ̀. Mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wàhálà dé! Olùkọ́ kíláàsì karùn-ún ní mo ti sọ ìdáhùn fún un. "Àánú kì í ṣe máàkì," ó ń pariwo. Ọ̀gá àgbà fagi lé e. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bi ọmọ náà fúnra wọn.

Ojú gbogbo wa ni wọ́n ti ṣe é. Ọmọ náà ki ọwọ́ bọ abẹ́ itan kí gbígbọ̀n rẹ̀ má baà hàn. Ìbéèrè kẹfà ni pé ká pín ọsàn mẹ́rìnlélógún fún ọmọ márùn-ún.

"Mẹ́rin-mẹ́rin, ó ku mẹ́rin."

Ọ̀gá ní rárá, mẹ́ta ló kù. Ọmọ náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un kà."

Wọ́n fi ìka kà á, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni! Èmi ni mo gba òdo."

Ọmọ náà yege, ọ̀gá sì ní ká máa fi àsìkò kún tirẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ò bá mi jà o. Wọ́n kàn ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò. Tí mo bá wọlé, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. N ò mọ̀ pé èmi ni n ó jókòó ti ọjà náà.

Lánàá, ìyá ọmọ náà tó jẹ́ aránṣọ dúró dè mí lẹ́nu géètì, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo rò pé ó wá dúpẹ́ ni. Ó kàn wò mí. "Àǹtí, ọmọ mi ni, àmọ́ n ò mọ̀ pé ó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. N ò bi í ní nǹkan kan rí." Ó yí padà, ó lọ.

Mo délé, mo fẹ́ sọ ọ́ fún èèyàn kan. Kò sẹ́nì kankan. Mo bá mú gègé.

Bá mi kí gbogbo ilé. Fún mi lésì, ìlà kan péré tó.

Èmi ni, ẹni tìrẹ tí kò yí padà,
Adúmáadán.