Ṣé Wọ́n Ti Tú Báńdéèjì Lójú Ìyá Ọṣẹ?

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni ìwé yìí bá ọ? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé kò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́ nítorí omi? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gé ìwé níbi iṣẹ́ yín gé ọ níka, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di àṣedànù, ibi tí wọ́n bá ti ń pín oore, wọn ò ní ṣèèṣì fo orúkọ rẹ. Àmín. Àlàáfíà ni a wà nílé, àfi pé ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ìyá rẹ ti yarí. Ó ní dókítà kò ní fọwọ́ kan ojú òun lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, àfi bí òun bá kọ́kọ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti tú báńdéèjì lójú Ìyá Ọṣẹ.

Mo mọ̀ pé ire lo rò tí o fi fi ìwé ìtàn yẹn ránṣẹ́ sí wa. O mọ̀ pé ohun funfun tó bo ẹyinjú ìyá rẹ ń nípọn sí i, kò lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́ mọ́, àwọn tó ń gbé aṣọ wá fún un láti rán ti ń yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ sì ń bà á. O wá rí i nínú ìwé tí ẹ ń dì níbi iṣẹ́ yín pé alágbàfọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọṣẹ, tí ojú ń dà láàmú bákan náà, tó sì gbà láti lọ sílé ìwòsàn, o ní kí n kà á fún ìyá rẹ kó lè ní ìgboyà. O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ṣé o kà á dé ìparí kí o tó dì í fún awakọ̀? Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Ìyá Ọṣẹ, wọ́n fi báńdéèjì di ojú rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kó sùn, pé bí ilẹ̀ bá mọ́ àwọn á tú u, ni ìwé bá parí. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ká máa retí apá kejì. Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ò ti rójú.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni mo ti ń kà á. Ìyá rẹ á jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹni tó bá ń kọjá má baà mọ̀ pé kò ríran. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbọ́, ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ wa, àwọn oníbàárà rẹ̀ náà tẹ̀ lé e, wọ́n á ti fá apá kan orí ẹlòmíràn tán, á ní kí onígbàjámọ̀ dúró ná, kí òun gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Báyìí ni kálukú ṣe yan ẹni tirẹ̀ nínú ìtàn. Láńlọ́ọ̀dù ni onígbàjámọ̀ fẹ́ràn, ìkà ènìyàn tó máa ń yọ ilẹ̀kùn àwọn tó bá jẹ ẹ́ lówó ilé. Mo bi í pé kí ló rí lára ẹni burúkú yẹn, ó ní bí oníbàárà bá ń ṣe ìjọba lórí àga òun, ohun tí òun ń rò nínú tí òun ò lè sọ, Láńlọ́ọ̀dù máa ń sọ ọ́ síta gbangba, ó sì máa ń dùn mọ́ òun bíi pé ẹnu òun ló ti jáde.

Ti ìyá rẹ ni Ìyá Ọṣẹ. Kì í ṣe pé obìnrin náà jẹ́ ènìyàn mímọ́ o. Bó bá rí lẹ́tà nínú àpò ṣòkòtò oníbàárà, á kà á tán kó tó dá a padà. Bí aṣọ bá pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, á ní òjò ni, nígbà tí oòrùn ń ràn wáí. Kì í dúpẹ́, kì í bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní dá aṣọ kankan padà láìrán bọ́tìnnì tó bá já lára rẹ̀, ọwọ́ ló sì fi ń wá ojú ihò kiri nítorí kò ríran tó, kò ní sọ fún ẹni tó ni ín, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lé e. Ìgbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn, ìyá rẹ ní kí n tún un kà. Ó ní òun mọ obìnrin náà. Mo ní níbo lo ti mọ̀ ọ́n, ó ní òun ṣáà mọ̀ ọ́n.

Kò sẹ́ni tó bi èmi léèrè, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ni tèmi, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ bíríkì. Ọ̀rọ̀ tó sọ nínú gbogbo ìwé náà kò kún ojú ewé kan. Ó kàn máa ń pọn omi kún àgbá ìyàwó rẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ ni, kò sì sẹ́ni tó dúpẹ́. Onígbàjámọ̀ ní mùmù ni. Mo ṣí ojú ewé tó kàn.

Nígbà tí ìyá rẹ ò gbọ́ tèmi, mo ní kí n wá Ìyá Ọṣẹ fúnra rẹ̀ kàn. Nọ́ńbà kan wà lẹ́yìn ìwé. Mo pè é, ọmọbìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó kí mi káàbọ̀. Mo kí i padà, mo bèèrè àlàáfíà ilé àti àwọn ọmọ, kò dáhùn, ó ṣáà ń ní kí n tẹ ọ̀kan, kí n tẹ méjì. Mo ní jọ̀ọ́, ojú obìnrin kan ni mò ń bèèrè. Ó ní kí n tẹ mẹ́ta. Mo tẹ̀ ẹ́, ó tún kí mi káàbọ̀ bí ẹni pé a ò sọ̀rọ̀ rí. Mo bá mọ̀ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ọmọ náà. Bá mi sọ fún ọ̀gá yín kó jẹ́ kó sinmi.

Mo tún ṣí iwájú ìwé, bóyá mo lè rí àdírẹ́sì níbẹ̀. Ohun tí mo rí ló wá dá kún ẹ̀rù mi. Wọ́n kọ ọ́ wínníwínní pé kò sí ẹnìkan nínú àwọn ènìyàn inú ìwé yìí tó wà láyé, bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sì jọ alààyè tàbí òkú, èèṣì ni. Ọmọ mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹnìkan tó wà láyé? Àti Ìyá Ọṣẹ, àti ọlọ́dẹ? Mo yára fi àtàǹpàkò bo ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ kò kúkú lè rí i. Ó tó ọjọ́ kejì kí n tó rò ó pé bóyá ńṣe ni ẹ̀ ń fi wọ́n pamọ́ kí Láńlọ́ọ̀dù má baà rí wọn. Jọ̀ọ́, bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí kò sọ́nà mọ́, mo dá ọgbọ́n kan. Mo mú ìwé tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń to kẹ̀kẹ́, mo ń ṣí i kí ìyá rẹ lè gbọ́ ìró ewé rẹ̀, mo ní apá kejì ti dé. Inú rẹ̀ dùn, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó jókòó dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti inú orí ara mi. Mo ní ilẹ̀ mọ́, dókítà wọlé, ó tú báńdéèjì, Ìyá Ọṣẹ sì ń ríran kedere, ó bú sẹ́kún ayọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Omi tilẹ̀ fẹ́ bọ́ lójú èmi náà. Ìyá rẹ na ọwọ́. Ó ní kí n mú ìwé náà wá. Ó fọwọ́ pa á lára, ó gbé e sí imú, ó ní gírísì ni. Ó ní bí kò tiẹ̀ rùn gírísì, irọ́ ni, torí Ìyá Ọṣẹ kò lè kúnlẹ̀ fún dókítà láéláé. Ó ní bí wọ́n bá tú báńdéèjì lójú obìnrin yẹn, ohun àkọ́kọ́ tó máa wò ni kọ́là dókítà, bóyá ẹni tó fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́ dénú, á sì ní kò fọ̀ ọ́ dénú. Onígbàjámọ̀ ní òótọ́ ni. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní òótọ́ ni. Ojú tì mí débi pé mo lọ ń fa atẹ́gùn sí táyà tí kò jò.

Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ẹni tí a ò rí rí, tí kò bá wa jẹ, tí kò bá wa mu, a wá mọ̀ ọ́n débi pé bí wọ́n bá purọ́ mọ́ ọn, gbogbo wa á mọ̀.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí tí ìyá rẹ fi wọlé, ó ní kí ni mò ń kọ tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ báyìí. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, àfi ibi tí wọ́n ti ní kò sí ẹnìkan tó wà láyé. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin orí fóònù pa á lẹ́rìn-ín gan-an. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ṣé ẹ̀rù ń ba èmi náà ni. Mo ní rárá. Ó ní irọ́ tí mo pa nípa Ìyá Ọṣẹ, ṣé òun ni mo fẹ́ fi tàn ni àbí ara mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdérí bírò mi kiri. Ó ní ohun tó dun òun jù nínú irọ́ náà ni pé mo gbàgbé ọlọ́dẹ. Ó ní ẹni tó ti ń pọn omi bọ̀ látọjọ́ yìí, ṣé kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tú báńdéèjì ni? Ó ní bí Ìyá Ọṣẹ bá ti bú kọ́là dókítà tán, ọlọ́dẹ ni ojú rẹ̀ máa wá, ẹnikẹ́ni ò sì nílò láti kà á fún òun kí òun tó mọ ìyẹn.

Ó wá ní kí n fọ ẹ̀wù funfun mi dáadáa, pàápàá kọ́là, torí bí wọ́n bá tú tòun, òun máa wò ó.

Nítorí náà, ọmọ mi, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa kí ọjọ́bọ̀ tó pé, kí o sì fi owó ọṣẹ tó dára kún un. Fún awakọ̀ mú wá o. Má fi í sínú fóònù mọ́, torí èyí tí o fi sínú rẹ̀ níjelòó, mo tú ẹ̀yìn fóònù náà, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀. Ìyá rẹ ní bí apá kejì bá jáde, kí o fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kà á fún òun, òun fúnra òun ló máa kà á.

Bí o ṣe ń tọ́jú wa yìí, wàá rí ẹni tọ́jú rẹ. Ojú rẹ ò ní ṣú, ọ̀nà rẹ ò ní dí, o ò ní rí ìbànújẹ́ wa, àwa náà ò ní rí tìrẹ. Àmín.

Kí n tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́: ìyá rẹ ti jáde sí ìta báyìí, kò gbọ́ ohun tí mò ń kọ. Jọ̀ọ́, rọra bi ẹni tó kọ ìwé náà léèrè, kí o sì sọ fún èmi nìkan, ṣé wọ́n tú báńdéèjì yẹn, ṣé ó sì rí ọlọ́dẹ? Ìyá rẹ ti gbà láti lọ. Èmi ni mi ò tíì gbà.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń fọ kọ́là.